Tírákítọ̀ kékeré mi kì í fẹ́ jí láàárọ̀: bátìrì wo ni kí n rà?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Mo ní tírákítọ̀ kékeré kan, tòkunbọ̀ láti Japan, agbára ẹṣin 24, dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́ta. Bátìrì tó wà lára rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, á kàn ṣe "kọ̀ọ̀", á dákẹ́. Tí mo bá tún yí i, ó lè fà díẹ̀ bí arúgbó tó ń gun òkè. Ojoojúmọ́ ni ọmọ iṣẹ́ mi ń fi wáyà Hilux àbúrò mi jí i, àbúrò mi sì ti ń fajú ro. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ àgbàdo ń dúró dè mí. Ẹni tó ń ta bátìrì ládùúgbò wa ní kí n gbé 75 áńpù, pé ìyẹn ló lágbára. Ẹlòmíì ní bátìrì ńlá á jó kíìkì, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí. Wọ́n kọ 55B24 sára èyí tó wà níbẹ̀. Ṣé 55 áńpù nìyẹn ni? Kí ni kí n rà?

Ríwáyà Gate
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì yọ owó. Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe ní Gate n'Íbàdàn, àti ọkọ̀ àti tírákítọ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n bá gbé dé pé ó ti kú, kò kú rárá. Wáyà ló ṣe é, tàbí ọ̀tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́) tí kò bọ́ ọ yó. Bí ẹ bá gbé tuntun lé àìsàn yẹn lórí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ wà yìí.

Ẹ yá mítà, èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ náà tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn mọ́jú. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí bátìrì, kì í ṣe kíláàmù o, orí òjé fúnra rẹ̀ ni. 12.6 tàbí 12.7 fóòtì, ó yó. 12.4, ó ti jẹ díẹ̀ kúrò. 12.2, ó ku ìdajì. Tó bá ti ń sún mọ́ 12 géérégé, ebi ń pa á, ẹ gbé e lọ ṣáàjì kí ẹ tó yẹ nǹkan mìíràn wò, torí bátìrì tí ebi ń pa kò ṣeé dá lẹ́jọ́.

Tó bá yó, kí ọmọ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin máa wo mítà. Bátìrì tó dáa kì í já sí abẹ́ 9.6 nígbà tí kíìkì bá ń fà. Tó bá já sí 8 tàbí 7, ó ti gbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá dúró sí 11 tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, ẹ gbójú kúrò lára bátìrì, iná kò dé ibi tó ń lọ ni.

Èyí tó kàn báyìí ni àwọn ènìyàn kì í ṣe. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù, ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tí kò ti ní ọ̀dà, kí ọmọ tún yí kọ́kọ́rọ́. Mítà kò gbọdọ̀ kà ju ìdajì fóòtì lọ. Ohunkóhun tó bá kà níbẹ̀, iná tó sọnù sójú ọ̀nà ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà láti orí pọ́sítíìfù dé bóòtù kíìkì. Tí ẹ̀rọ bá jí, ẹ padà sórí bátìrì, 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó kà. Abẹ́ 13, kò rí oúnjẹ jẹ. Tó bá kọjá 15, ó ń se omi inú rẹ̀.

Ní ti 55B24, 55 yẹn kì í ṣe áńpù. Ètò àwọn ará Japan ni. 55 ń sọ ipò agbára rẹ̀, B ń sọ fífẹ̀ àti gíga àpótí, 24 ni gígùn ní sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́tà tó máa ń gbẹ̀yìn, L tàbí R, ló ń sọ apá tí pọ́sítíìfù wà. Bí 45 áńpù ni ti yín. NS60 ni àwọn ọlọ́jà ń pe irú àpótí yẹn.

Ìyá Onígàrí
Ríwáyà, ẹnu yín á máa jẹ iyọ̀. Ìyà yìí ti jẹ mí rí. Ọdún tí a gbin ẹ̀gẹ́ sí ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, bátìrì wa kú, mo sáré ra òmíràn lọ́wọ́ ẹnì kan tó pàtẹ sójú títì. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dán, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré! Ìgbà tí ọmọ mi fi ọ̀bẹ họ lébẹ́ẹ̀lì yẹn, lébẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ti ya wà lábẹ́ rẹ̀. Bátìrì tó ti sin ọkọ̀ ẹlòmíì dójú ikú ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n da ásíìdì sí, tí wọ́n wẹ̀wù fún.

Láti ìgbà náà, orí òjé ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo orúkọ. Orí tuntun kì í ní àpá kíláàmù. Tó bá ń dán yanran, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, sánpépà ti dé ibẹ̀. Mo máa ń wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà lórí pẹpẹ láìṣáàjì, n kì í rà á. Mo máa ń mú mítà lọ, tí kò bá tó 12.5, kó máa jókòó síbẹ̀. Mo sì máa ń gbé e wò. Ìwọ̀n ti Àgbẹ̀ yìí yẹ kó tó kìlò 11 sí 13 pẹ̀lú ásíìdì nínú. Tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, òjé inú rẹ̀ kò pé.

Ọmọ Ṣakí ní Minnesota
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Èmi náà ní tírákítọ̀ kékeré níbí, yìnyín ni mo fi ń kó. CCA ni gbogbo ènìyàn ń wò lára bátìrì lọ́hùn-ún yìí, ìyẹn iye áńpù tó lè pèsè fún ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú òtútù −18 lórí Celsius kí fóòtì rẹ̀ má já sí abẹ́ 7.2. Dísẹ́ẹ̀lì kékeré sábà máa ń béèrè 500 sí 650. Òwúrọ̀ mìíràn wà níbí tó jẹ́ pé epo ẹ́ńjìnnì á ki bí oyin, ibẹ̀ ni CCA ti wúlò.

Ní Ìsẹ́yìn, òtútù kọ́ ni ọ̀tá yín, ooru ni. Bí ooru bá fi bí 10 lórí Celsius kún un, ẹ̀mí bátìrì a máa dín sí bí ìdajì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi CCA ńlá gba owó ńlá lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sí abẹ́ ohun tí ìwé ẹ̀rọ sọ. Dísẹ́ẹ̀lì ní láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an kó tó gbiná, ó ń fà ju pẹtiróòlù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí nípa bátìrì lítíọ̀mù: owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀tánétọ̀ ló mọ bí a ṣe ń bọ́ ọ. Ẹ fi sílẹ̀.

Mẹkáníìkì Ọ̀ffà
Ẹni tó ní bátìrì ńlá á jó kíìkì ń fi yín ṣeré ni. Kíìkì kì í mu ju ohun tí òùngbẹ rẹ̀ fẹ́ lọ, ìbáà jẹ́ etí odò ni ẹ gbé e sí. Fóòtì ni kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń jó kíìkì ni bátìrì aláìlágbára tí ẹ ń yí kọ́kọ́rọ́ lé lórí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kó má kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tó tún yí i.

Àmọ́ 75 yẹn, ṣé ó wọ ibùjókòó rẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gbé bátìrì tó ga wọ ẹ̀rọ tí ti rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níwájú rédíétọ̀. Ó jókòó dáadáa. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wọ oko. Ó dé kòtò kan, bọ́nẹ́ẹ̀tì jó wálẹ̀, ó kan orí pọ́sítíìfù. Mo wà níbẹ̀. Ó dún "páà!", èéfín búlúù sọ, ihò tó ju àtàńpàkò mi lọ ló dá sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì nígbà tó bá ń gba iná máa ń gbiná wàrà, bó bá bú sí i lójú ńkọ́? Ẹ fi téèpù wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Ẹ wò ó bóyá wáyà pọ́sítíìfù á dé orí rẹ̀ láìfà á.

Ẹ tún wo bí orí òjé ṣe nípọn sí. Nínú àwọn ti Japan, òmíràn tinrin, òmíràn nípọn. Kíláàmù orí tó nípọn á máa mì lórí tinrin, ẹ̀yin á wá máa fi ìṣó há a. Mo ti rí ìṣó mẹ́ta lórí bátìrì kan rí.

Bàbá Tísà
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Kò sí ẹni tó sọ bí a ṣe ń tú u. Nẹ́gétíìfù la kọ́kọ́ ń tú. Tí a bá ń dè é padà, òun ló ń kẹ́yìn. Tí sípánà bá wà lórí pọ́sítíìfù, tó sì ta kan bọ́dì nígbà tí nẹ́gétíìfù ṣì so mọ́ ọn, gbogbo agbára bátìrì ló máa gba inú sípánà yẹn kọjá. Ẹ bọ́ òrùka kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tí àpá òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò parẹ́ ní ìka rẹ̀ títí dòní, kì í sì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ló fi àpá náà sí i.

Ẹni tó bá ní tírákítọ̀ Ferguson TE20 àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Coventry láàárín 1946 sí 1956, kó ṣọ́ra o. Pọ́sítíìfù ló so mọ́ bọ́dì níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé èyí tó so mọ́ bọ́dì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, orúkọ yòówù kó jẹ́.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé o. Bàbá, mo ti bọ́ òrùka, sà. Mo yá mítà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n ti ṣáàjì bátìrì mọ́jú, mo sì jẹ́ kó sùn lálẹ́ kan kí n tó wọ̀n ọ́n: 12.44. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́: 11.3, ẹ́ńjìnnì kò yí, "kọ̀ọ̀" náà ni. Pọ́sítíìfù sí bóòtù kíìkì: 0.3. Nẹ́gétíìfù sí ẹ́ńjìnnì: 2.7!

Ríwáyà Gate
Ẹ̀gbọ́n, 2.7 yẹn ni olè yín. Bátìrì kò tíì rí iṣẹ́ ṣe rárá, ìdí nìyí tó fi dúró sí 11.3. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ọmọ iṣẹ́ yín máa ń fi kíláàmù dúdú sí tó bá ń fi Hilux jí i?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Mo bi í. Ó ní ara irin ẹ́ńjìnnì ni, pé ibẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ ní kó máa fi sí.

Ríwáyà Gate
Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa, torí kíláàmù ìkẹyìn kò gbọdọ̀ sún mọ́ bátìrì, iná tó ń ta lè ràn mọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ohun tó sì ṣe nìyẹn láìmọ̀: iná Hilux ń gba ẹ́ńjìnnì wọlé tààrà, kò gba wáyà bọ́dì yín tó ti bàjẹ́ kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí. Ẹ tọ wáyà nẹ́gétíìfù yẹn láti orí bátìrì dé ibi tó ti so mọ́ irin. Ẹ tú bóòtù ibẹ̀, ẹ họ ojú méjèèjì títí yóò fi dán bí ojú ọ̀kọ́ tuntun, ẹ dè é le, kí ẹ tó fi gíríìsì bò ó lókè.

Mẹkáníìkì Ọ̀ffà
Tí ẹ bá tún fẹ́ fi ọkọ̀ jí i lọ́jọ́ iwájú, kó má jẹ́ típà o. Bátìrì méjì ni wọ́n dì pọ̀ níbẹ̀, 24 fóòtì ni. Dírẹ́bà kan ṣàánú àgbẹ̀ kan báyìí ní ọ̀nà Àjàṣẹ́. Gbogbo iná iwájú ló lọ, fóòtì jó mítà ojú ẹ̀rọ náà.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ẹ wá wo nǹkan. Abẹ́ àwo tí bátìrì jókòó lé ni wáyà náà so mọ́. Àwọn tó kun ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó tà á fún mi kò tú bóòtù, wọ́n kun ún pọ̀ mọ́ ọn ni. Nígbà tí mo tú u, lẹ́búlẹ́bú funfun àti aláwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí èérún ewúro gbígbẹ. Wáyà fúnra rẹ̀ ti já tó bí ìdajì nínú rọ́bà. Mo ra tuntun, èyí tó nípọn bí ìka mi. Nẹ́gétíìfù sí ẹ́ńjìnnì di 0.2. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó fà, ó jí! 14.1 ni mítà kà nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan ló ṣì ń rú mi lójú. Mo fi tú ilẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó yẹ kó yó. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 12.43 ni mo tún bá. Tí ó bá sì ń fà, ó ń já sí 9.2.

Ìyá Onígàrí
Ọmọ mi, yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì yín, ọ̀kan ló kú nínú wọn. Ẹ ṣí ọmọrí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ lọ sọ́dọ̀ onísáàjì, kó fi gíláàsì olórí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ásíìdì wò wọ̀n ọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yó máa ń ka bí 1.265, ìyẹn bí ásíìdì náà ṣe wúwo tó sí omi lásán. Tí ọ̀kan bá fi 0.050 kéré sí àwọn yòókù, bátìrì yẹn ti ń lọ, ṣáàjì kò lè gbà á. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kò ní ọmọrí, tó ní ojú kékeré aláwọ̀ ewé kan lókè, kó má gbọ́kàn lé ojú náà jù. Yàrá kan ṣoṣo ló ń wò.

Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i, ẹ má bu ásíìdì. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé, Ìyá. Márùn-ún ka 1.250. Ìkẹta ka 1.150. Onísáàjì kàn mi orí ni.

Mẹkáníìkì Ọ̀ffà
Kí ni ẹ fi de bátìrì yẹn mọ́ àwo?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Rọ́bà inú táyà ọ̀kadà.

Mẹkáníìkì Ọ̀ffà
Ẹ ti dáhùn ara yín. Rọ́bà á máa fà, bátìrì á máa fò lórí gbogbo ebè. Ohun tí wọ́n fi rẹ́ péléètì, àwọn òjé pẹlẹbẹ inú yàrá, á máa gbọ̀n wálẹ̀, á kó jọ sísàlẹ̀ yàrá, títí yóò fi so péléètì méjì pọ̀. Yàrá náà á kú. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa gba orí rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú bóòtù gígùn méjì. Ẹ gé rọ́bà ọ̀kadà yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wúlò.

Onísólà Ìgànná
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mo ní bátìrì ínfátà 100 áńpù kan tí mi ò lò mọ́, ó ṣì ń gba iná. Ṣé Àgbẹ̀ kò lè gbà á lẹ́dìnwó?

Ríwáyà Gate
Rárá o. Péléètì ti ínfátà nípọn, wọ́n ṣe é kó máa tú iná jáde díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ti ọkọ̀ tinrin, ó sì pọ̀, kó lè tu iná ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi ti ọkọ̀ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́ ń pa á. Ẹni tó fi ti ínfátà jí dísẹ́ẹ̀lì ń fi akẹ́rù sá eré ìje.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Mo ti rà á. NS60, onípéléètì tuntun, olórí tinrin bíi ti àtijọ́, pọ́sítíìfù ní apá kan náà. Mo gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kò sí àríyànjiyàn. Gbígbẹ ló wà, ojú mi ni wọ́n ti da ásíìdì sí i. Ọlọ́jà fẹ́ kí n máa gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní n ó jókòó. Ó mu bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà wọ́n ṣáàjì rẹ̀ pẹ̀lú iná kékeré, áńpù mẹ́rin sí márùn-ún, mo padà wá mú un lọ́jọ́ kejì. 12.7.

Kí n tó gbé e wọlé, mo po kánún mọ́ omi gbígbóná, mo fi fọ àwo àti àwọn kíláàmù. Ó hó ṣùùù níbi tí ásíìdì ti ta sí. Nígbà tí kò hó mọ́, mo fi omi ṣàn án.

Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ti àtijọ́, òun fẹ́ yọ́ òjé rẹ̀ fún àwọn apẹja. Mo ti fẹ́ fún un.

Ọmọ Ṣakí ní Minnesota
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un! Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, òjé bátìrì tí wọ́n ń tú láàárín ilé ló pa ọmọdé 18 láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Eruku rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ibi náà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré ló ń bà sí. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà láìtú u.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Háà! Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló ń fẹ́ ẹwìrì fún un. Mo ti dá a padà fún ọlọ́jà, ó yọ owó òkú bátìrì fún mi. Mo sì ti lọ bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀. Kò dùn mọ́ ọn.

Ìbéèrè ìkẹyìn: tí ẹ̀rùn bá dé, tí ẹ̀rọ yóò dúró fún oṣù mẹ́ta ńkọ́?

Bàbá Tísà
Tú nẹ́gétíìfù, kí o gbé bátìrì kúrò. Má gbé e lé ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, sìmẹ́ǹtì á fa iná rẹ̀ tán.

Mẹkáníìkì Ọ̀ffà
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, sà. Ti ayé àtijọ́ nìyẹn, nígbà tí àpótí rẹ̀ ṣì jẹ́ igi tàbí rọ́bà líle. Ike ni ti ìsinsìnyí, sìmẹ́ǹtì kò lè rí i mú. Ooru ló ń jẹ ẹ́ bó ti jókòó. Ibi tó tutù ni kó wà, kí wọ́n máa ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Bàbá Tísà
Mo gbọ́. Orí pákó ni n ó ṣì máa gbé tèmi lé.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Orí pákó ni tèmi náà máa wà, Bàbá. Láàárọ̀ yìí, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ iṣẹ́ mi kò tíì jókòó dáadáa. Àbúrò mi ti gba wáyà Hilux rẹ̀ padà.